Ọ̀rọ̀-Ìṣe, Òfin àti Ìrántí: Ìwé Steven Pinker Lójú Ará Ẹ̀gbá

Ìbéèrè kékeré kan ni Steven Pinker, onímọ̀ nípa èdè àti ọpọlọ, fi orí mẹ́wàá wá ìdáhùn sí nínú ìwé rẹ̀, Words and Rules, tó jáde lọ́dún 1999. Nígbà tí ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ sọ ohun tó ti kọjá, báwo ni ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń mú ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ jáde? Bó bá jẹ́ walk ni, á fi -ed kún un lẹ́yìn, ó parí. Bó bá jẹ́ go ni, kò gbọdọ̀ sọ pé goed. Went ló ń jẹ́, kò sì sí ohunkóhun lára go tó lè júwe went fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe bíi walk. Àwọn tó ń ṣe bíi go kò ju nǹkan bí 180 lọ. Síbẹ̀, àwọn díẹ̀ yìí ló wà lẹ́nu jù. Be, have, do, say, make, go, take, come, see àti get ni mẹ́wàá tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò jùlọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gba òfin -ed.

Ẹni tó bá ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá ní Ìbarà tàbí Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta nígbà iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì á ti gbọ́ ìbéèrè yìí láìmọ̀. Àwọn ọmọ á máa fi ohùn orin ké e: eat, ate, eaten, go, went, gone, write, wrote, written. Olùkọ́ á máa tọ́ka sí i lójú pátákó, wọn á máa gbè é títí tí yóò fi wọ̀ wọ́n lára. Bó bá kan walk àti jump, kò sí pé à ń kọ ọ́ lórin. Olùkọ́ á sọ òfin rẹ̀, á fi àpẹẹrẹ méjì tàbí mẹ́ta lé e, á sì kọjá lọ. Ohun tí olùkọ́ ń ṣe yìí gan-an ni Pinker ń sọ pé ọpọlọ ń ṣe. Ó ní ọ̀nà méjì ni ọpọlọ ní. Ìrántí ni ọ̀kan, níbi tí went wà ní ìpamọ́ lódindi. Òfin ni èkejì, tó lè ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹni náà kò gbọ́ rí. Nígbà tí èèyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀, méjèèjì á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìrántí bá rí tirẹ̀ mú, òfin á dákẹ́. Bí kò bá rí nǹkan, òfin á ṣe é.

Mo gbà pé èrò yìí lágbára, mo sì gbà pé ìwé náà yẹ ní kíkà fún ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ ọmọ ní èdè. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹ̀rí tí Pinker kó jọ kò tó ẹrù tó gbé lé e lórí, àti pé èdè tí à ń sọ ní ìlú yìí, tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kì í pa ara dà nítorí àná tàbí ọ̀la, lè pèsè ẹ̀rí tó mọ́ ju tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín níbi tí ìyìn tọ́ sí i. Orí kẹta, tó sọ ibi tí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe olóríkunkun ti wá, dára púpọ̀. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àṣẹ́kù òfin àtijọ́ tó ti kú. Nígbà kan rí, sing, sang, sung ń tẹ̀lé ìlànà kan tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ìran dé ìran, ìró yí padà, ìlànà náà fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó ku àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń lò lójoojúmọ́ tí ẹnu kò jẹ́ kí a gbàgbé. Èyí tí a kì í sábà lò á lọ bá òfin. Holp ni wọ́n ń pe ohun tó di helped lónìí. Ní 2007, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìwé yìí, Erez Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Wọ́n rí 177. Nígbà tí yóò fi di Gẹ̀ẹ́sì ayé àárín, 145 nínú 177 yẹn ló kù tí kò tíì gba òfin, lónìí 98 nínú wọn ni. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan wé èkejì tí à ń lò ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún jù ú lọ, èyí tí a kì í sábà lò yẹn á yára bọ́ sábẹ́ òfin ní ìlọ́po mẹ́wàá. Àbá tí Pinker dá lórí ìtàn ti rí ẹ̀rí gidi nínú ìṣirò yìí.

Orí keje, tó dá lórí àwọn ọmọdé, ni mo fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Jean Berko ti 1958 wà, ìdánwò tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ èyíkéyìí fi lè ṣe é pẹ̀lú bébà àti lẹ́ẹ̀dì. Berko ya ohun abàmì kékeré kan, ó pè é ní wug, orúkọ tí ọmọ kankan kò gbọ́ rí. Ó tún ya èkejì, ó ní méjì ló wà báyìí, kí ọmọ parí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje ní wugs. Ó sọ fún wọn pé ọkùnrin kan mọ bí wọ́n ṣe ń rick, àná náà ló ṣe ohun kan náà. Wọ́n ní ricked. Ibi kankan kò sí tí wọ́n ti lè há a sórí, torí náà òfin ló sọ ọ́ fún wọn. Òfin yìí kan náà ló ń mú ọmọ sọ pé goed àti breaked. Gary Marcus, Pinker àti àwọn mìíràn yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ 83 wò lọ́dún 1992, wọ́n sì rí i pé àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ tó bí àwọn òbí ṣe rò: nǹkan bí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àlàyé Pinker ni pé ọmọ náà mọ went, ṣùgbọ́n ìrántí rẹ̀ ṣì rọ̀. Ọjọ́ tí kò bá tètè rí went mú, òfin á gba ẹnu rẹ̀. Mo rí i pé àlàyé yìí dọ́gba pẹ̀lú ohun tí ẹni tó bá gbé pẹ̀lú ọmọdé mọ̀, pé ọmọ tó sọ ọ́ dáadáa láàárọ̀ lè ṣì í sọ lálẹ́.

Orí kẹrin ni ìjà wà. Lọ́dún 1986, David Rumelhart àti James McClelland kọ́ ètò kọ̀ǹpútà kan tí kò ní òfin kankan nínú, àsopọ̀ ìró sí ìró nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀-ìṣe 420, ó kọ́ olófin àti aláìlófin pọ̀, ó tún ń ṣe àṣìṣe bí ọmọdé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló nílò òfin? Lọ́dún 1988 Pinker àti Alan Prince dá wọn lóhùn gígùn. Wọ́n fi hàn pé nígbà tí ètò náà bá pàdé ọ̀rọ̀ tí kò jọ èyí tó ti mọ̀, ìsọkúsọ ló ń jáde. Fún mail, ó ní membled. Pinker sọ ìjà yìí pẹ̀lú ìwọ̀n tó pọ̀ ju bí èèyàn ṣe lè retí lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ẹ̀. Kò fi àwọn alátakò rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ó tilẹ̀ gba apá kan nínú èrò wọn wọlé, pé ìrántí fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí àsopọ̀, ìdí nìyẹn tí sing, ring àti drink fi ń fa ara wọn lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ tó fi ń pa àlọ́ yẹn ti di ti àtijọ́ báyìí. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó wà lóde òní ń mú ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì jáde láìṣì wọ́n sọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ òfin sínú wọn, membled kò sì lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́. Ẹni tó bá ka ìwé náà lónìí ní láti fi èyí sọ́kàn.

Lórí èdè Jámánì, tí Pinker tún fi ṣe ẹ̀rí, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Àfòmọ́ -s tí èdè náà fi ń sọ ẹyọ di ọ̀pọ̀ kò wọ́pọ̀ rárá, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń lò fún orúkọ èèyàn àti ọ̀rọ̀ àyálò. Pinker fi èyí sọ pé kò dìgbà tí nǹkan bá pọ̀ kó tó lè jẹ́ òfin. Ó yé mi, ó sì dára.

Orí kẹsàn-án ló wọ inú ọpọlọ lọ, ibẹ̀ sì ni mo ti dúró pẹ́ jù. Michael Ullman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Pinker wà lára wọn, tẹ iṣẹ́ kan jáde lọ́dún 1997 lórí àwọn aláìsàn. Àwọn tí àìsàn Alzheimer ti jẹ ìrántí wọn ń ṣi went àti dug sọ ju walked lọ. Òdì kejì ló rí fún àwọn tó ní àìsàn Parkinson: walked, pàápàá ọ̀rọ̀ àfọwọ́dá bíi plag tó yẹ kó di plagged, ló ń kọ sí wọn lẹ́nu. Àwọn tí ọgbẹ́ wà níwájú ọpọlọ wọn lápá òsì, níbi tí Paul Broca ti tọ́ka sí láti 1861, ṣe bíi ti Parkinson. Àwọn tí ọgbẹ́ tiwọn wà lẹ́yìn ṣe bíi ti Alzheimer. Lójú Pinker, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ìrántí ní ibùgbé tirẹ̀, òfin ní tirẹ̀, àìsàn lè wó ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀.

Ó yá jù. Lọ́dún tí ìwé yìí jáde gan-an, Marc Joanisse àti Mark Seidenberg fi ètò kọ̀ǹpútà aláìlófin mìíràn hàn, tó ní apá ìró àti apá ìtumọ̀. Nígbà tí wọ́n ba apá ìtumọ̀ jẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ bíi went ló kọ́kọ́ ṣòfò. Nígbà tí wọ́n ba apá ìró jẹ́, ọ̀rọ̀ bíi plag ló bàjẹ́. Irú ìyàtọ̀ kan náà jáde láìsí òfin níbì kankan. Èyí tó tún le sí i dé lọ́dún 2003, láti ọ̀dọ̀ Helen Bird àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí a wo ìró àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn. Walked àti stepped ń kó kọ́ńsónáǹtì jọ sí ìparí. Ate fúyẹ́ jù wọ́n lọ lẹ́nu. Ẹni tí ọgbẹ́ wà níwájú ọpọlọ rẹ̀ ń tiraka láti pe ìró, kí ló dé tí a ó fi sọ pé òfin ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀? Nígbà tí wọ́n yan olófin àti aláìlófin tí ìró wọn wúwo bákan náà, ìyàtọ̀ tí wọ́n ti ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Pinker kò lè mọ iṣẹ́ tí kò tíì jáde, a kò sì gbọdọ̀ dá a lẹ́bi nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti rí i fúnra rẹ̀ pé -ed kì í wá lásán, ìró ni, ìró sì ní ẹrù tirẹ̀. Orí kẹsàn-án kò fún ẹrù yìí ní àyè tó tọ́ sí i.

Níbí ni mo fẹ́ kí ará Ẹ̀gbá ti gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ àti gírámà Yorùbá jáde lọ́dún 1843. Ó dé Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, níbi tó ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n, ó sì tún iṣẹ́ náà tẹ̀ lọ́dún 1852. T. J. Bowen, òjíṣẹ́ Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà tó wà nínú ìlú lóṣù kẹta 1851 nígbà tí ogun Dàhòmì dé ẹnu odi, kọ gírámà tirẹ̀, Smithsonian Institution sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1858. Àwọn méjèèjì, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Látìn ni wọ́n fi kọ́ ohun tó ń jẹ́ gírámà, bá ara wọn níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní àfòmọ́ àsìkò kankan. Mo lọ, mò ń lọ, mo ti lọ, n ó lọ: lọ kò yí padà. Ẹni tó bá fi ojú yẹn wo Words and Rules lè pa á dé, kó ní kò kan òun.

Ó kàn wá. Àkọlé kékeré ìwé náà sọ pé ohun tí a fi ń ṣe èdè ni òun ń wá, kò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Bí ọ̀nà méjì bá wà nínú ọpọlọ gbogbo èèyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú ti ọmọ Ìtòkò tí kò tíì gbọ́ went rí. Ibi tí a ó ti wá wọn ló yàtọ̀.

Ẹ wo àpètúnpè. Lọ di lílọ, kà di kíkà, gbé di gbígbé. Kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ àti í olóhùn òkè ló ń ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sì sí èyí tó kọ̀. Páàsì tí a yá láti inú Gẹ̀ẹ́sì wọ ilé, ó di pípáàsì lójú ẹsẹ̀. Ìdánwò Berko rèé tí a kò ní láti yí padà púpọ̀. Kí a ya bàbá kan tó ń ṣe ohun abàmì, kí a sọ fún ọmọ pé bàbá yìí ń kẹ̀pù, kí a wá bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ tó bá ní kíkẹ̀pù ni wọ́n ń kẹ̀pù ti fi òfin hàn wá, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ kíkẹ̀pù rí. Tàbí kí a gba ti ohùn ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ: rà á, pa á, rí i. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ tàbí àárín, ohùn á lọ sókè. Lẹ́yìn olóhùn òkè, á dúró sáàárín. Ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ kì í ṣì í.

Ìrántí ńkọ́? Ìpajẹ ni kí a lọ bi. Ṣe àti ìrànwọ́ bá pàdé, ó di ṣèrànwọ́. Ṣe àti ìlérí, ṣèlérí. Ṣe àti ìpàdé, ṣèpàdé. Ṣe àti ìtọ́jú, ṣètọ́jú. Ṣe àti iré, ṣeré. Fáwẹ́lì i ló ń jẹ́ pípajẹ níbi gbogbo wọ̀nyí, e ló ń dúró. Iṣẹ́ wá dé, ó di ṣiṣẹ́. Ìkà dé, ó di ṣìkà. Kí ló dé tí kò jẹ́ ṣeṣẹ́? Ọ̀rọ̀-orúkọ kan ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú i bí èkejì, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló wà níwájú wọn, kò sì sí ohun tí ọmọ lè fi ojú rí tó lè fi mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ó ní láti gbọ́ ṣiṣẹ́ kó sì pa á mọ́. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá sì dé, ibi tó ń lọ hàn kedere: ìpolongo di ṣèpolongo lórí rédíò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ di ṣèdánilẹ́kọ̀ọ́, kò sí ẹni tó sọ pé ṣìpolongo. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń ṣe agídí, tuntun ń tẹ̀lé òfin. Ohun tí Pinker sọ nípa go àti walk nìyí, lára ọ̀rọ̀ tí kò ní àsìkò kankan nínú.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe elélà tún lé e kún. Mo gba Ọlọ́run gbọ́; mo gbàgbé Ọlọ́run. Gbàgbọ́ ń là láàárín kí àbọ̀ rẹ̀ lè wọlé, gbàgbé kò gbà. Gba- ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó pa ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Ìyísódì sì ni tiwa tó sún mọ́ go àti went jù. Adé ni, Adé kọ́. Ó máa ń lọ, kì í lọ. Ó ti lọ, kò tíì lọ. Yóò lọ, kò ní í lọ. Ìró ni kò jọ ti kọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ni máa ń kò jọ kì í, àwọn wọ̀nyí sì wà lára ohun tí a ń sọ jù lóòjọ́.

Èèyàn lè takò mí pé àpètúnpè ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ -ed tó ń sọ àsìkò. Pé ìpajẹ jẹ́ ọ̀ràn ìró. Òtítọ́ ni, a kò sì lè dì wọ́n papọ̀ bíi pé wọ́n jẹ́ ọ̀kan náà. Àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń wádìí ọpọlọ pọ̀ ju ohun tí kò sí lọ. Ẹ rántí àtakò Helen Bird, pé walked wúwo ju ate lọ lẹ́nu. Yorùbá kì í kó kọ́ńsónáǹtì jọ, sílébù rẹ̀ kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Ṣiṣẹ́ àti ṣeré jẹ́ sílébù méjì méjì, kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ́lì kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn wọn tilẹ̀ dọ́gba, àárín àti òkè. Bí aláìsàn kan bá lè sọ ọ̀kan tí kò lè sọ èkejì, kò sẹ́ni tó máa lè di ẹ̀bi náà lé ìró lórí. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti kọsẹ̀, ọ̀nà tẹ́jú fún wa níbẹ̀.

Ilẹ̀ tí a lè ti ṣe é wà pẹ̀lú. Ní Ìbàdàn, lọ́dún 1992, ilé-ìwòsàn Yunifásítì ibẹ̀ àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn àgbà àdúgbò Ìdíkàn lẹ́yìn, wọ́n ń fi Yorùbá dán ìrántí wọn wò, iṣẹ́ tí Benjamin Osuntokun, Adesola Ogunniyi àti Hugh Hendrie wà nídìí rẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 2001, lórí àwọn àgbà tó lé ní 2,400 ní Ìbàdàn, ya gbogbo ayé lẹ́nu: Alzheimer ń mú 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ́dún, nígbà tí ó ń mú 2.52 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Wọ́n ti yanjú ohun tó le jù, èyíinì ni bí a ṣe ń bi àgbà Yorùbá ní ìbéèrè ìrántí lọ́nà tí kò ní í tàbùkù wọn, tí kò sì nílò ìwé kíkà. Nínú Abẹ́òkúta, ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti Aro wà. Dókítà Adeoye Lambo, ọmọ bíbí ìlú yìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 1954. Ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láwọn abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ èdè ilé wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Mi ò rò pé ìwádìí nípa ọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ lè rí ilé tó dára ju èyí lọ. Kí olùwádìí jókòó ti ìyá àgbà kan, kó máa bá wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nígbà èwe wọn, àdìrẹ Ìtokú tàbí òwò Lafenwá, kó sì máa fetí sí ṣiṣẹ́, ṣèpàdé, gbàgbé àti kì í bí wọ́n ṣe ń jáde. Wọn kò ní í mọ̀ pé ìdánwò ni.

Ohun kan tún kù tí ìwé náà kò bá wa sọ tó, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń kọrin eat, ate, eaten. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ ni Pinker ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ Kútọ̀ ń gbọ́ Yorùbá nílé, Gẹ̀ẹ́sì níwájú pátákó. Ullman fúnra rẹ̀ dábàá lọ́dún 2001 pé ẹni tó bá pẹ́ kó tó kọ́ èdè kejì lè máa gbé walked pàápàá sínú ìrántí, dípò kó jẹ́ kí òfin ṣe é. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ walk àti go tó hàn kedere nínú ìwé yìí lè má hàn rárá nínú ọpọlọ ọmọ tiwa, tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ tó sọ òfin -ed lẹ́ẹ̀kan tó kọjá lọ yóò ti já ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì fún wa ju gbogbo àlàyé nípa Jámánì lọ, ó sì yẹ kó ní orí tirẹ̀ nínú ìwé tó fẹ́ sọ nípa ọpọlọ èèyàn.

Lórí ọwọ́ ìkọ̀wé, Pinker mọ ìwé kọ. Gbólóhùn rẹ̀ ń ṣàn, kì í fi ọ̀rọ̀ ńlá dẹ́rù bani. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni wàhálà díẹ̀. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà, àwàdà tẹlifíṣọ̀n, eré bọ́ọ̀lù onígi tí wọ́n ti ń sọ pé flied out dípò flew out, gbogbo rẹ̀ ló ń béèrè pé kí òǹkàwé ti gbé ibẹ̀ rí. Èyí tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yẹn ṣe kókó nínú àríyànjiyàn rẹ̀, pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó ti ara ọ̀rọ̀-orúkọ jáde kì í ní ẹ̀tọ́ sí ìrántí, òfin ló ń bọ́ sí. Ó ṣeni láàánú pé eré tí a kì í ṣe níbí ló fi gbé e kalẹ̀. Orí karùn-ún àti ìkẹfà gùn ju bó ṣe yẹ lọ; ẹni tó bá ti mọ ìjà inú orí kẹrin lè fò wọ́n kó má sì pàdánù púpọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, tí ìwé náà bá tẹ̀ lọ́wọ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí keje, kó padà sí ìkẹta, kó tó wá wọ ìkẹsàn-án, kó sì ní bébà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ti kọ ṣiṣẹ́ àti ṣeré sí.